Kúnbi Ọmọ́lẹ́wà àti Bébà Olómi Lásán

Ní ọdún 1975, nígbà tí owó epo gba ìgboro, ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìsọlọ̀ ra ẹ̀rọ àyẹ̀wò láti òkè òkun. Inú àpótí pákó ni ẹ̀rọ náà wà, nítorí kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Bébà ni wọ́n ṣì fi ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á kán ìtọ̀ aláìsàn sí ìsàlẹ̀ bébà funfun, wọ́n á ti etí rẹ̀ bọ oògùn olómi nínú ìgò ńlá. Oògùn náà á máa gun bébà lọ díẹ̀díẹ̀, á sì máa fa àwọn ohun tó wà nínú ìtọ̀ lọ, kálukú níwọ̀n bó ṣe lè rìn tó. Tí wọ́n bá fín oògùn mìíràn sí i, tí wọ́n sì yá a níná, àmì aláwọ̀ àlùkò á yọ níbi tí ohun kọ̀ọ̀kan dúró sí. Ibẹ̀ ni dókítà ti ń mọ bí ara ṣe ń lo oúnjẹ.

Kúnbi Ọmọ́lẹ́wà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọmọ Ìkọ̀lé ní Èkìtì ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Èjìgbò ló sì ń gbé. Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Albert Akíntáyọ̀, ti ṣe akọ̀wé fáìlì fún ọdún mọ́kànlá kí ó tó kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò. Gbogbo ohun tí Kúnbi mọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Ọjọ́ Wẹsidé ni wọ́n yẹ ìtọ̀ Babáṣọlá wò, ọmọ ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tó ń bì, tó sì ń rù. Àmì ńlá kan yọ níbi tí kò yẹ kí nǹkan kan wà. Dókítà ní ó jọ àìsàn tó ń sọ wàrà di májèlé lára ọmọ. Bí bébà ọjọ́ Fúráìdé bá tún sọ bẹ́ẹ̀, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ wọn yóò já ọmọ náà lẹ́nu ọmú, omi ṣúgà ni yóò sì máa mu títí wàrà pàtàkì yóò fi ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni. Kò sí ẹni tó rí ọmọ náà tí kò mọ̀ pé omi ṣúgà kò lè gbé e dé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ní Fúráìdé, ní aago kan ọ̀sán, àmì náà tún yọ.

Kúnbi dúró tì í. Ó rántí pé irú àmì yẹn ti yọ lára bébà bàbá kan tí egbò ẹsẹ̀ lásán ń dà láàmú. Bó ṣe ń rò ó, Ọ̀gá Akíntáyọ̀ fẹ́ mú bébà tuntun nínú páálí. Ó fi àtàǹpàkò kan ahọ́n, bí akọ̀wé tó ń ṣí fáìlì, ó sì fi ṣí bébà náà ní igun ìsàlẹ̀, gan-an níbi tí wọ́n máa ń kán ìtọ̀ sí. Kúnbi rí i pé itọ́ rẹ̀ kù síbẹ̀.

Kò lè sọ ọ́ jáde. Ta ni í sọ fún ẹni tó kọ́ òun níṣẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí? Ó bẹ ọ̀gá kí ó fún òun ní bébà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi ẹ̀mú kékeré yọ méjì mìíràn fúnra rẹ̀. Ó kán omi sísè sí ti ọ̀gá àti sí ọ̀kan nínú tirẹ̀. Ó kán ìtọ̀ ọmọ náà sí ẹ̀kẹta.

Ọ̀gá bi í pé kí ló kán sí méjì wọ̀nyẹn.

“Omi lásán ni, sà.”

“Ṣé omi náà ti ń ṣàìsàn ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ jẹun.

Wákàtí méjì gbáko ni oògùn fi gun bébà. Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, Kúnbi fín oògùn kejì sí i, ó ṣí ófùnù. Iná lọ. Ó sáré lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tó wà lẹ́nu géètì, ó yá áyọ́ọ̀nù eléèédú, ó sì gbé e sókè díẹ̀ lórí bébà kọ̀ọ̀kan, kí ó má bàa jó o.

Bébà omi tirẹ̀ funfun nini. Ti ọmọ náà ní àwọn àmì tó yẹ kó ní, kò sì ní èyí tí wọ́n ń bẹ̀rù. Àmì náà yọ lára bébà omi tí ọ̀gá mú.

Ọ̀gá ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wo bébà náà, ó wo àtàǹpàkò rẹ̀.

“Kúnbi, ṣé o rántí pé èmi ni mo kọ́ ẹ?”

“Mo rántí, sà. Ẹ̀yin lẹ ní ohun tí bébà bá fi hàn ni kí n kọ.”

Dókítà wọlé pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́, ó bèèrè èsì. Kúnbi tẹjú mọ́lẹ̀. Ọ̀gá Akíntáyọ̀ ló gbé bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Dókítà, ẹnu mi ni àmì yẹn ti wá,” ó ní. “Kì í ṣe ara ọmọ náà.”

Dókítà wò wọ́n pẹ́, ó sì fagi lé ohun tó ti kọ. Ó ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, kí wọ́n wá ohun mìíràn. Ìbà inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n padà bá níbẹ̀, abẹ́rẹ́ sì wò ó sàn.

Láti Mọ́ńdè ni wọ́n ti fi okùn so ẹ̀mú mọ́ páálí bébà, bébà olómi lásán sì ń bá ti gbogbo aláìsàn wọ ìgò. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ òfin náà sára ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì máa ń gbéra lọ sẹ́nu nígbà mìíràn, á sì dúró lójú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé yẹn, kí Kúnbi tó dá áyọ́ọ̀nù padà, ó kọ́kọ́ lọ sí wọ́ọ̀dù. Beatrice, ìyá ọmọ náà, ti fi ọ̀já di ọmú rẹ̀ pinpin nítorí aago mẹ́rin tí wọ́n dá fún un, ó kọ ẹ̀yìn sí ibùsùn ọmọ kí ó má bàa gbọ́ ẹkún rẹ̀.

“Ìyá Babáṣọlá,” Kúnbi ní, “ẹ tú ọ̀já yẹn. Ẹ fún un lọ́mú.”