Pátákó Tí Mo Yìn ní Ìkòsì

Ní òwúrọ̀ tí ẹ̀rọ gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ Wàsíù, pátákó tó wà lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ wọn ṣì ń sọ pé: "Kò sẹ́ni tó fara pa níbí láti ọdún tó kọjá." Mo mọ pátákó náà dáadáa. Èmi ni mo ya fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn.

Ní Ìkòsì ni iléeṣẹ́ náà wà. Wọ́n ń lọ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, wọ́n á sọ ọ́ di rọ́bà tuntun. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, máníjà ní àwọn ń kó ọ̀rá kúrò nínú gọ́tà Kétu, àwọn kì í sì í fi ẹ̀mí òṣìṣẹ́ ṣeré. Bó ṣe wí i ni mo ṣe kọ ọ́. Inú ọ́fíìsì rẹ̀ ni mo jókòó sí. Mi ò dé ìdí ẹ̀rọ kankan, èmi tí mo ti lé lógún ọdún nídìí iṣẹ́ ìròyìn. Inú rẹ̀ dùn, ó fi férémù gbé ìròyìn mi kọ́ ògiri.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí Wàsíù fara pa, ìyàwó rẹ̀, Ṣadé, wá mi wá. Kò kí mi.

"Uncle, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ibẹ̀ ò léwu?"

"Èmi ni."

"Ó dáa. Ẹ wá wo ọwọ́ ọkọ mi."

Wàsíù wà níwájú ilé wọn ní Agboyi, ó gbé ọwọ́ lé ìrọ̀rí. Ó ní ẹnu ẹ̀rọ náà ní ìdérí. Bí èèyàn bá ṣí i, ẹ̀rọ á kú fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tútù máa ń há, wọ́n á ní láti ṣí i, kí wọ́n fọwọ́ fà á jáde, bí ẹ̀rọ bá sì ń kú ṣáá, iṣẹ́ ò ní yá. Wọ́n wá fi rọ́bà táyà di bọ́tìnnì tí ìdérí máa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ̀rọ lè máa rò pé wọ́n ti dé òun.

"Ta ló dì í?"

"Èmi ni, ọ̀gá. Súpáfáísọ̀ ló fún mi ní rọ́bà." Ó rẹ́rìn-ín. "Mo tiẹ̀ dì í dáadáa."

Kí pátákó má bàa yí padà, wọn kì í kọ "ó fara pa" sínú ìwé níbẹ̀. "Ó gba ìsinmi" ni wọ́n ń kọ. Bí wọ́n ṣe kọ ti Wàsíù náà nìyẹn, ilé ìwòsàn tí iléeṣẹ́ ń lò kò sì gbà láti tọ́jú ẹni tó gba ìsinmi. Ọwọ́ náà ti ń rùn.

Mo padà lọ bá máníjà. Ó nawọ́ sí ògiri.

"Bọ̀dá, ṣé irọ́ lẹ kọ nígbà yẹn ni?"

"Mo kọ ohun tí mi ò rí."

Ó ní kí n máa lọ.

Mo kọ ìròyìn mìíràn. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn, lábẹ́ ìpolówó ọṣẹ. Èmi àti Ṣadé gbé e lọ bá òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò àwọn iléeṣẹ́. Ó ṣí fáìlì. Ìròyìn mi àkọ́kọ́ ló wà lókè. Iléeṣẹ́ ti fi ránṣẹ́ ṣáájú wa.

"Èwo ni ká gbà gbọ́ nínú méjèèjì?"

"Ẹ bi ọwọ́ ọkọ mi," Ṣadé dá a lóhùn.

Ó ní àwọn máa lọ yẹ ibẹ̀ wò. Àwọn á kọ́kọ́ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà, àwọn á sọ ọjọ́ àti aago tí àwọn ń bọ̀, kí wọ́n lè múra sílẹ̀. Ó ní kí Wàsíù náà wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn: nínú ìwé, ìsinmi rẹ̀ á ti parí.