Ìlà Tí A Wẹ̀ Dànù

Ọmú mi ti wúwo láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Okùn kọ́mú gbẹ́ kòtò sí èjìká mi méjèèjì, ọrùn ríro kì í sì í jẹ́ kí n sùn. Obì ni à ń tà nílé wa ní Ṣàgámù. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ṣa obì fún wákàtí kan péré, ara mi a fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè nà mọ́. Nígbà tí dókítà gbà láti dín in kù, mo sunkún ayọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ ló fàlà sí mi láyà.

"Ẹ má dùbúlẹ̀ o, mà. Tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀, ọmú yín á sá sábẹ́ apá, mi ò sì ní mọ ibi tí mo máa gé."

Mo dúró ṣánṣán. Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó fi máàkà fàlà, ó sì sàmì sí ibi tí orí ọmú mi máa wà. Mo wo dígí. Ibi tó wà nígbà ọ̀dọ́ mi gan-an ni. Nọ́ọ̀sì ní n kò gbọdọ̀ fi kànìnkànìn kàn án.

Yèyé mi dé ọsibítù ní kùtù àárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú ọṣẹ dúdú. Ó ní mùsùlùmí kì í kojú ọ̀bẹ láìwẹ ìwẹ̀ ìmọ́, nítorí ẹni tó sùn lè má jí. Mo fi ìlà náà hàn án.

"Ṣé máàkà dókítà ló máa bá ẹ dé ọ̀run ni?"

Mo lè kọ̀. Kí n má purọ́, ẹ̀rù ikú ń bà mí. Mo jókòó sórí àpótí ní balùwẹ̀, ó sì wẹ̀ mí bí ọmọ tuntun, ó ń ṣe àdúà.

Nọ́ọ̀sì mìíràn gún mi lábẹ́rẹ́ oorun, kò ṣí aṣọ wò. Inú tíátà ni wọ́n ti ṣí i. Àyà mi mọ́ tónítóní. Wọ́n gbé mi jókòó, oorun ò tíì gbé mi lọ tán, orí mi ń ṣubú sẹ́yìn.

"Mi ò lè fàlà sára ẹni tí kò lè dúró," ni dókítà wí, ó sì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní ká padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Kí oṣù náà tó pé, ó ti kó lọ sókè òkun. Ọsibítù ò rí dókítà mìíràn tó lè ṣe é títí di òní, n kò sì retí ẹnikẹ́ni mọ́.

Mi ò sọ fún yèyé mi pé ìwẹ̀ ló fà á. Mo ní dókítà ló já wa kulẹ̀. Láràárọ̀, ó máa ń ká àkísà rírọ̀ sábẹ́ okùn kọ́mú mi kó má baà gé mi, á sì máa ṣépè fún dókítà náà.

Èmi náà a sì ṣe àmín.