Ohun Tí Wilf Ramshaw Wọ̀ Wọ Òkun Oṣù Kẹta

Ọjọ́ kìíní ọdún tuntun ni gbogbo Cullerby, ìlú etíkun wa, máa ń sá wọ òkun. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Àwọn baba wa ṣe é, àwa náà ń ṣe é, òtútù á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, a ó pariwo, a ó sì lọ mu ọtí. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Enid Ramshaw, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin, wọ aṣọ adìyẹ wọ inú omi, tìyẹ́tìyẹ́, tògbètògbè. Ìgbì kan gbé adìyẹ náà, ó yí i po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpáta Carr. Nígbà tí Cuddy Liddle, apẹja tó ti fẹ̀yìn tì, fi máa fà á jáde, Enid ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó wo ọwọ́ rẹ̀. Òtútù ti sọ ìka rẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́, òrùka wúrà ìyá rẹ̀ sì ti bọ́ sómi.

Ìyá Enid kò bọ́ òrùka yẹn rí. Ó fi ń la ẹja ní èbúté, ó fi ń fọṣọ, ó fi bí ọmọ márùn-ún, ọjọ́ tó kú gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọṣẹ yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Enid kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ó kàn ń fi àtàǹpàkò pa ibi tí òrùka náà wà tẹ́lẹ̀ ni, nídìí tíì, níwájú tẹlifíṣàn, nínú ọkọ̀, títí ojú Wilf ọkọ rẹ̀ ò fi kúrò lára ìka náà mọ́.

Wilf, òṣìṣẹ́ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, ní ẹ̀rọ kan tó fi ń wá irin àti wúrà lábẹ́ yanrìn. Ọ̀pá gígùn ni, ó ní àwo ràgbàdà nísàlẹ̀. Bí àwo náà bá ti kọjá lórí irin tàbí wúrà, ẹ̀rọ á ké sí i létí. Ọdún mẹ́wàá ló ti fi ń gbé e kiri etíkun, ohun tó sì ti rí kò ju ìdérí ìgò, ìṣó, ṣíbí, àti eyín irin kan tí kò sẹ́ni tó gbà pé tòun ni. Ṣùgbọ́n ó dìde lọ́jọ́ kan, ó ní òun máa wá òrùka náà rí.

Inú oṣù Kejì ló kọ́kọ́ wọlé. Ṣòkòtò rọ́bà tó ga dé àyà, èyí táwọn apẹja ń lò nínú odò, ló wọ̀. Ìgbì kan ṣoṣo ló gba òkè dà sínú ṣòkòtò náà, ó sì kún bí àgbá. Wilf dúró gbagidi, kò lè gbẹ́sẹ̀, kò tiẹ̀ lè ṣubú. Cuddy ló wọ́ ọ dé orí yanrìn, tó fi ọ̀bẹ ẹja gé ṣòkòtò ọ̀hún kúrò lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Wilf ṣe gba àárín ìlú kọjá lọ sílé pẹ̀lú pátá, lọ́sàn-án gangan, ẹnu rẹ̀ dúdú bí aró, tó ń kí gbogbo èèyàn.

Enid fún un ní tíì mu. Ó jẹ́ kó mu ún tán. Lẹ́yìn náà ló wá ní kó jókòó.

"Wilf, gbọ́ mi dáadáa. O ò ní wọ inú omi yẹn mọ́ láyé, àfi bó bá jẹ́ èmi ni mo mú ohun tó o máa wọ̀."

"Ìwọ tó o wọ aṣọ adìyẹ?"

"Adìyẹ tèmi jáde lódidi. Ṣòkòtò tìẹ dà?"

Wilf gbé ife tíì náà lọ fọ̀. Òun náà sì mọ̀ pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n tún lè wá òrùka náà. Nínú oṣù Kẹta, òwúrọ̀ kan wà tí òkun wa máa ń fà sẹ́yìn ju bó ṣe máa ń ṣe lọ, tí kòtò ẹ̀gbẹ́ Àpáta Carr á di omi ìbàdí. Wákàtí kan péré ni. Inú kòtò yẹn sì ni ohunkóhun tó bá wúwo máa ń rá pálá lọ. Tí wọ́n bá pàdánù òwúrọ̀ náà, ó di oṣù Kẹsàn-án, ìjì á sì ti da yanrìn bo gbogbo rẹ̀ pátápátá. Ó ku ogún ọjọ́.

Wọ́n lọ sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta aṣọ òkun. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tamsin ló dá wọn lóhùn.

"Ṣé ẹ̀yin méjèèjì ni, màámi?"

"Òun nìkan ni. Èmi ti lọ, mo ti dé."

Tamsin gbé aṣọ rọ́bà kan tó nípọn kalẹ̀. "Omi díẹ̀ á wọnú èyí, ṣùgbọ́n ara bàbá fúnra wọn lá á mú omi náà móoru."

"Ara ta ni?" Enid yí sí i. "Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlélógójì ni mo ti ń sùn ti ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí. Kò mú nǹkan kan móoru rí."

"Enid, ojú ń tì mí," Wilf wí.

"Kó máa tì ọ́. Ojú títì kì í pa èèyàn nínú omi."

Tamsin pa ẹ̀rín mọ́nú, ó lọ gbé òmíràn wá. Omi kì í wọnú eléyìí rárá. Ó fẹ̀ lára, rọ́bà pẹlẹbẹ ló wá fún un pọ̀ lọ́rùn àti lọ́rùn ọwọ́, ìbọ̀sẹ̀ rọ́bà sì ti so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Aṣọ tó ń mú ara móoru lèèyàn á wọ̀ sábẹ́ rẹ̀.

"Ohun kan ṣá o," Tamsin wí, ó sì na ìka sókè. "Rọ́bà ọrùn yìí gbọ́dọ̀ kan ara gan-an ni. Kò gbọdọ̀ sí irun, kò gbọdọ̀ sí aṣọ láàárín. Bí nǹkan bá ti wà láàárín, omi á tọ̀ ọ́ wọlé."

Àwọn méjèèjì mi orí. Wọ́n gbọ́ o. Alẹ́ ọjọ́ náà ni Enid mú abẹ, tó fá irùngbọ̀n tí Wilf ti ń tọ́jú látìgbà tó ti wà lọ́mọkùnrin. Ẹyọ kan kò ṣẹ́ kù. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ajá wọn fi gbó o.

Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n dán aṣọ náà wò nílé. Enid pọn omi tútù kún agbada ìwẹ̀, ó kó gbogbo yìnyín inú fìríìjì sí i, nígbà tí yìnyín ò tó, ó fi ẹja dídì mẹ́fà kún un. Wilf wọlé pẹ̀lú aṣọ òkun lọ́rùn. Afẹ́fẹ́ inú aṣọ sá lọ sí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì dìde sókè fìà, orí sì lọ sísàlẹ̀ láàárín ẹja. Enid dì í létí mú, ó fà á jáde.

"Afẹ́fẹ́ lo kọ́kọ́ máa tú dànù! Lóṣòó, kó o fa rọ́bà ọrùn yẹn díẹ̀."

Wilf lóṣòó, ó fà á. Ìró tó jáde nínú aṣọ náà gùn, ó sì nípọn, débi pé aládùúgbò kan ògiri láti odi kejì.

"Èmi kọ́ o!" Wilf ké.

"Ṣé ìwọ kọ́ lóòótọ́?" Enid bi í.

Ọ̀rọ̀ bàtà ló tún tẹ̀ lé e. Cuddy, tó ti gbà pé òun máa bá wọn dúró lórí àpáta lọ́jọ́ náà, gbé bàtà ńlá kan wá fún wọn. Ó ní ìgbì kankan ò lè ti ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Wilf wọ̀ ọ́ lọ sórí yanrìn gbígbẹ láti fi gbìyànjú. Gbàrà tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rọ ké. Ó gbẹ́lẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó sún síwájú, ẹ̀rọ tún ké. Nígbà tó fi gbẹ́ ihò kẹrìnlá, àwọn èèyàn ti ń dúró wòran.

"Wúrà ibí yìí mà pọ̀ o!" Cuddy wí, ojú rẹ̀ ń dán.

Enid wo ẹ̀rọ, ó wo ihò, ó wo ẹsẹ̀. "Cuddy, kí ló wà lẹ́nu bàtà yẹn?"

"Irin ni. Kí nǹkan má bàa já lu èèyàn lẹ́sẹ̀."

"Olúwa ò. Wilf, ẹsẹ̀ ara ẹ lo ti ń wá láti àárọ̀."

Wọ́n dá bàtà padà, wọ́n ra onírọ́bà tó nípọn nísàlẹ̀, tí kò ní irin kankan. Òjé wíwúwo tó máa mú ẹsẹ̀ Wilf múlẹ̀ nínú omi, Enid gbé e sí ìgbànú lẹ́yìn, kó jìnnà sí ẹ̀rọ. Ó ra ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Ó ra fèrè rẹfirí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó ní, kò sì ní í ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òun bá ti fọn fèrè, kó jáde, bí wúrà gbogbo ayé tiẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Wilf búra.

Gbogbo ẹ̀ pé wàyí, ó wá ku sùwẹ́tà.

Ní Cullerby, ọmọ apẹja kì í wọ òkun láìwọ sùwẹ́tà ìlú: aláwọ̀ aró, ọlọ́rùn gíga, tí wọ́n hun àmì okùn àti àkàsọ̀ sí láyà. Ìlú kọ̀ọ̀kan ní etíkun yìí ló ní àmì tirẹ̀. Bí òkun bá gbé èèyàn lọ, tó jù ú sí èbúté ẹlòmíràn, wọ́n á wo àyà rẹ̀, wọ́n á sì mọ ìlú tí wọ́n máa gbé e lọ. Ọmọ apẹja ni baba Wilf, baba Enid náà, àti Cuddy.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí òkun máa fà sẹ́yìn náà, Enid na sùwẹ́tà sí Wilf.

"Cuddy tó ń wò mí lórí àpáta mọ̀ mí," Wilf wí. "Kò nílò kó wo àmì."

"Wọ̀ ọ́, ọ̀gbẹ́ni."

Ó wọ̀ ọ́. Ó wọ aṣọ òkun lé e. Enid fa rọ́bà ọrùn náà bò ó, Cuddy fa síìpù, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹ̀ ẹ́ wò lókè nílẹ̀, ìka Enid tiẹ̀ yí gbogbo ọrùn náà ká bóyá irun kan ṣẹ́ kù. Kò sí ẹni tó rí ọrùn sùwẹ́tà tó wà lábẹ́ rọ́bà. Èmi náà ì bá má rí i. Ní Cullerby, a kì í ka sùwẹ́tà yẹn mọ́ aṣọ. Awọ ara wa ni.

Òkun ti fà sẹ́yìn lóòótọ́. Wilf rọra wọ inú kòtò, omi dé ìbàdí rẹ̀, ìgbì sì ń ta á lọ́rùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwo ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀. Ìdérí ìgò. Ìṣó. Ìdérí ìgò. Nígbà tó di bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nǹkan tútù kan rìn láti ọrùn rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn. Ó ní òógùn ni. Nígbà tó di ogún, òógùn náà ti dé orúnkún, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe òógùn. Bó bá pariwo, Enid á pè é jáde, òkun á sì padà wá. Ó pa ẹnu mọ́. Ó ń ro àtàǹpàkò ìyàwó rẹ̀ lára ìka òfìfo.

Nígbà náà ni ẹ̀rọ ké. Kì í ṣe igbe ìdérí ìgò. Ohùn kan tó lọ sílẹ̀, tó sì dúró sójú kan, irú èyí tí kò gbọ́ rí ní ọdún mẹ́wàá. Ó gbé e lọ, ó gbé e bọ̀, ojú kan náà ni. Ó ki ṣọ́bìrì oníhò tó fi ń sẹ́ yanrìn mọ́lẹ̀, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò mọ̀ pé òun di nǹkan mú. Ṣọ́bìrì yọ̀. Ó tún tì í.

Fèrè dún.

Wilf nàró. Ó wo omi, ó wo àpáta. Ó yí padà, ó ń bọ̀.

"Mo rí ẹ tó o bẹ̀rẹ̀!" Enid ti ń sáré bọ̀ wá pàdé rẹ̀. "Ṣé ó ké?"

"Ó ké."

"Báwo ló ṣe ké?"

"Ó... ó dùn."

"O wá jáde?"

"O fọn fèrè."

"Háà! Wilf Ramshaw! Mo ní lọ wo dókítà, o ní àga ló fà á tí ẹ̀yìn fi ń dùn ẹ́. Mo ní má gun òrùlé, o gùn ún. Òní yìí lo wá rí tó o máa gbọ́ràn sí mi lẹ́nu! Padà síbẹ̀! Ìṣẹ́jú méjì! Òrùka ìyá mi ni!"

"Ó dáa," Wilf wí wẹ́rẹ́.

Ó yí padà, ó sì ń lọ. Cuddy ló kọ́kọ́ rí i pé kì í ṣe ọ̀nà òkun ló gbà. Ọ̀dọ̀ àwọn àgùntàn tó ń jẹko lórí òkè ló kọrí sí, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó ń yí àwo ẹ̀rọ rẹ̀ lórí koríko, ó sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún fún òun díẹ̀.

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Cuddy. Enid kò rẹ́rìn-ín. Ó sá bá a, ó dì í mú, òtútù ti da ọkọ rẹ̀ lórí rú, ó ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò. Enid já síìpù náà, omi dà jáde ṣùà sí wọn lẹ́sẹ̀. Ó wá rí ọrùn sùwẹ́tà, tó rin gbindin, tó jókòó jẹ́ẹ́ sábẹ́ rọ́bà.

"Èmi ni," ó wí. "Èmi ni mo wọ̀ ọ́ fún un. Cuddy, ọ̀bẹ ẹ!"

Ó gé sùwẹ́tà náà láti ọrùn dé ìdodo. Wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé Wilf, wọ́n rọra ń fún un ní tíì mu, Enid gbá a mọ́ra, ó fi kóòtù ara rẹ̀ bo àwọn méjèèjì. Omi ti ń padà bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta.

"Mo mọ ojú ibi tó dúró sí," Cuddy wí jẹ́jẹ́. "Omi náà kò tíì ní ju àyà mi lọ. Ṣé kí n..."

"Jókòó síbẹ̀! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ omi yẹn!"

Wilf nawọ́ sí kòtò náà. "Ó wà níbẹ̀, Enid. Mo fi etí mi gbọ́ ọ."

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Òrùka ìyá ẹ ni."

"Mo mọ òrùka tó jẹ́."

"Bó bá di oṣù Kẹsàn-án, a lè..."

"Wilf, kí lo tún fẹ́ kí òkun yìí gbà lọ́wọ́ mi?" Enid wí, ó sì bú sẹ́kún lọ́rùn rẹ̀.