Okùn Àyà Ẹ̀wù Wòsílátù

Mo fi eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi búra, òótọ́ pọ́ńbélé ni ìtàn yìí.

Wòsílátù ń ránṣọ ní Ìtamàgà, ní Ìkòròdú. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ débi pé ó lè rán àpò sí ẹ̀wù ẹ̀fọn. Àmọ́ okùn ẹ̀wù kan ṣoṣo ló dá a lágara.

Baseerah ọmọ rẹ̀ fẹ́ fẹ́ ọmọ Kòríà. Ìyá ọkọ wá fi aṣọ aláwọ̀ ewé ránṣẹ́, pé kí ìyá ìyàwó fi rán hánbọ̀kì, aṣọ àbáláyé ilẹ̀ wọn, kó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀wù náà kò ní bọ́tìnnì. Okùn ni wọ́n fi ń so ó láyà. Okùn ọ̀hún sì ń sọ̀rọ̀: obìnrin tí ọkọ rẹ̀ wà láàyè ló ń lo elésè àlùkò. Bí ọkọ bá ti kú, àwọ̀ kan náà ni okùn àti ẹ̀wù. Baseerah ní ìyá ọkọ òun kì í fi àṣà yìí ṣeré.

Mùtíù, ọkọ Wòsílátù, wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Wọ́n rí ọkọ̀ náà. Wọn ò rí Mùtíù. Ááfà ní kí ìyàwó rẹ̀ dúró pé ọdún mẹ́rin kó tó ṣe opó.

Làtífù, ẹ̀gbọ́n Mùtíù, ní: "Elésè àlùkò ni kóo rán mọ́ ọn, ìyàwó wa. Àbúrò mi ò kú."

Zulaykha, ẹ̀gbọ́n Wòsílátù, pòṣé. "Kò kú, ibo ló wà? Ṣé ó ń kọ́ ẹja ní kéwú lábẹ́ ọ̀sà ni?"

Baseerah bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù: "Màámi, ẹ ṣáà mú èyí tó wù yín."

"Ṣé ohun tó wù mí ni wọ́n ń bi mí?"

Ó rán elésè àlùkò, ó tú u. Ó rán aláwọ̀ ewé, ó tún tú u, títí àyà ẹ̀wù fi lu bí asẹ́. Ọjọ́ ìgbéyàwó pé, kò sí okùn. Ó fi píìnì dè é, aṣọ ya. Ló bá fi ọwọ́ òsì di àyà ẹ̀wù mú.

Ìyá ọkọ dé, ó tẹríba, ó fi ọwọ́ méjèèjì na ẹ̀bùn sí i. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbà á lọ́dọ̀ tiwọn. Bí Wòsílátù bá sì jọ̀wọ́ ẹ̀wù, á ṣí gbayawu lójú àna. Ó kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún nìkan.

Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá ọkọ.

"Màámi, ọwọ́ méjèèjì!" Baseerah sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

Wòsílátù gbọ́. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó na ọwọ́ kan náà síbẹ̀, ọwọ́ ọ̀hún kò gbọ̀n rárá.

Mo ti búra, ẹ jẹ́ kí eyín mi kù. Ibì kan ni mo ti bù mọ́ ọn: mo ní ọwọ́ náà kò gbọ̀n. Ó gbọ̀n.