Wọ́n ní Ẹ̀rọ Géèmù Mi Ń Há

Inú ń bí mi o! Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kí n ṣe sùúrù.

Délé, ọmọ àbúrò bàbá mi, gbé ẹ̀rọ géèmù tuntun wá sí Kàbà láti Àbújá. Láàárọ̀ yìí, ó ní ká fi wé tèmi tó ti pẹ́. Géèmù kan náà la fi sí méjèèjì, èyí tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ kọjá láàárín ìràwọ̀.

Mo gbà, àwòrán tirẹ̀ rẹwà. Ṣùgbọ́n tí àpáta bá ti pọ̀ lójú ọ̀run, ó há nìyẹn! Tèmi ò dán tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ geere ló ń lọ.

Mo ń wa ọkọ̀ mi lọ ni bàbá Délé ti oko dé. Mo ju páàdì sílẹ̀, mo kúnlẹ̀.

"Okun o, Bàbá."

Ta ló ń wá bọ́tìnnì ìdádúró nígbà tí àgbà bá wọlé? Kí n tó dìde, ọkọ̀ mi ti fọ́ mọ́ àpáta.

Délé bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀rọ ẹ ti há! Mo ti ká a sórí fóònù!"

"Há báwo? Ṣé o ò rí i pé mò ń kí Bàbá ni?"

"Ìyẹn ò kàn mí."

Ó ti fi fídíò náà sí gúrúùpù ẹbí. Gbogbo wọn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fídíò yẹn wò, kí ẹ tẹ́tí sí i dáadáa. Ohùn èmi nìkan lẹ máa gbọ́ tó ń kí Bàbá.

Ẹ bá mi bi Délé: bàbá ta ni?