Ọ̀rọ̀ tí Daddy Fi Gbé Ọ̀rẹ́ Mi Síwájú

Owú ni mo jẹ, n kò ní fi bò. Bí mo ṣe ń kọ èyí gan-an, mo ṣì ń jẹ ẹ́.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ṣe ògbufọ̀ ní ìjọ wa ní Ìkòsì. Daddy, ìyẹn pásítọ̀ wa, á sọ gẹ̀ẹ́sì, èmi á sọ ọ́ ní Yorùbá fáwọn ìyá àgbà. Daddy kì í fẹ́ kí ògbufọ̀ fo nǹkan kan. Kódà bí wọ́n bá ní kí ẹnì kan gbé omi wá fún àwọn, mo gbọ́dọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Mo tún wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Nígbà tí olórí wa wá kó lọ sí Ìbàdàn, ta ni ipò yẹn tọ́ sí bí kò ṣe èmi?

Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n gbé e fún. Èmi náà ni mo lọ fà á wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kétu, kò tíì ju ọdún méjì lọ. Èmi ni mo kọ́ ọ lórin.

Lọ́jọ́ Sátidé, Daddy fún mi ní lẹ́tà ìyànsípò náà kí n kà á sílẹ̀. Mo bá “preferment” níbẹ̀. Daddy àti gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́! N kò mọ̀ ọ́n, ni mo bá ṣí dikiṣọ́nárì tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ó ní láti inú Látìn ló ti wá, pé ẹ̀yà kan jẹ́ “iwájú,” èkejì jẹ́ “gbé.” Ìgbéga ni, ti àwọn àlùfáà tí wọ́n ń fi jẹ oyè ńlá ní pàtàkì. Orísun kan náà ló bí “prefer” tí à ń lò bí a bá fẹ́ràn ìrẹsì ju ẹ̀bà lọ. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ṣé ẹ rí i, kì í ṣe pé ó mọ orin jù mí lọ. Wọ́n kàn fẹ́ràn rẹ̀ jù ni. Mo pinnu pé bí màá ṣe túmọ̀ rẹ̀ nìyẹn, kí gbogbo ìjọ gbọ́.

Nígbà tó di Sunday, ọ̀rẹ́ mi kúnlẹ̀ níwájú wa. Èmi ni mo bá a wé gèlè láàárọ̀ yẹn. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín sí mi, bí ẹni pé ayọ̀ àwa méjèèjì ni. Daddy kà dé orí ọ̀rọ̀ náà. Ẹnu mi kò gba èyí tí mo ti pinnu.

Mo ní, “Daddy ní a ti gbé e síwájú.”

Àwọn ìyá ń ṣàdúrà pé iwájú iwájú lọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí. Ọ̀kan nínú wọn kò bá wọn ṣe é. Èmi ló ń wò.

“Síwájú ta ni, ọmọ mi?”

“Síwájú èmi, Mà.”

Ọ̀rẹ́ mi sorí kọ́. Daddy wúkọ́, wọ́n wá fi gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé kí n fi ìyẹn sílẹ̀, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Mo kọjú sáwọn ìyá àgbà.

“Daddy ní kí n fi ìyẹn sílẹ̀, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ.”