Òórùn Gáàsì ní Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ

Bọ́tìnnì ni ìyá yìí máa ń rán mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù àwọn aránṣọ kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ìyá Bọ́tìnnì. Kì í ṣe ẹlẹ́nu láwùjọ. Bí wọ́n bá ní kó dá sí ọ̀rọ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ohun tẹ́ ẹ bá ti sọ náà ni."

Ọ̀gá wọn obìnrin kì í sì í dá ìpinnu ṣe. Ì báà ṣe òwú tí wọ́n máa rà, á bi gbogbo wọn. "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè," ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òórùn kan gba imú Ìyá Bọ́tìnnì bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Gáàsì! Ilé búrẹ́dì ló wà nísàlẹ̀ wọn, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tí wọ́n ní sì gba ẹ̀gbẹ́ ààrò kọjá. Ó wo ojú àwọn tó kù. Kálukú tẹrí mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ọ̀gá gbé imú sókè. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kì í ṣe pé nǹkan kan ń rùn báyìí?"

"Rárá o, mà."

"Èmi ò gbọ́ òórùn kankan."

Bó ṣe yí yàrá ká nìyẹn títí ó fi kan Ìyá Bọ́tìnnì. Ṣé òun nìkan ló ní imú ni? "Mi ò gbọ́ ọ, mà," ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ó dáa, ẹnu wa kò nìyẹn," Ọ̀gá ní.

Ni bàbá tó ń lọ aṣọ bá dìde kó tan áyọ́ọ̀nù. Bí ìka rẹ̀ ṣe ń sún mọ́ súìṣì lára ògiri, Ìyá Bọ́tìnnì fò dìde.

"Ẹ má tàn án! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tàn án! Irọ́ ni mo pa, gáàsì ń rùn!"

Ọwọ́ bàbá náà dúró lófurufú. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ," ó ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo ní bóyá imú mi náà ti darúgbó ni."

"Èmi náà gbọ́ ọ."

"Èmi náà."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Eku ti gé rọ́bà gáàsì jẹ ní ilé búrẹ́dì. Orí ló yọ wọ́n pé wọn ò tíì dáná ààrò. Wọ́n ti gáàsì pa, wọ́n ṣí fèrèsé, kò sẹ́ni tó fara pa.

Látìgbà náà, Ọ̀gá kì í bi wọ́n lójú ara wọn mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń pè wọ́n sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó tó kó ọ̀rọ̀ wọn pọ̀, ohun tí wọn kì í sọ tẹ́lẹ̀ sì ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò kúrò lára Ìyá Bọ́tìnnì. Bí gbogbo wọn bá gbà sí ọ̀rọ̀ kan wéré, tí yàrá pa rọ́rọ́, á máa fojú wá ilẹ̀kùn.